Rárà Tí Kò Gbọdọ̀ Kọjá Ẹnu Ọ̀nà

Ní agboolé Jagun ní Inísà, ọjọ́ kan ṣoṣo ló wà tí ọmọbìnrin lè sọ gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò gbá a lẹ́nu. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni. Yóò da aṣọ borí, yóò máa sun rárà láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì. Bó bá wù ú, yóò yin bàbá rẹ̀. Bó bá wù ú, yóò bú u. Ẹni tí ìyàwó bá bú kò gbọdọ̀ fèsì, àdúrà nìkan ni yóò fi gbà á. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá ti fẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà agboolé, ọ̀rọ̀ rárà rẹ̀ tán síbẹ̀. A kì í tún un sọ. A kì í bi í léèrè, a kì í sì í rù ú lọ bá ẹni tí kò sí níjókòó.

Ìdí nìyẹn tí Ìyá Abdulwaheed fi lo odidi ọdún mẹ́sàn-án láìmọ ohun tí Àrínọlá sọ nípa rẹ̀.

Ìyá Abdulwaheed ni ìyàwó kejì bàbá Àrínọlá, orogún ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ní ìrọ̀lẹ́ rárà yẹn, kò sí nílé. Ó ní òun ń lọ wo ẹ̀gbọ́n òun tí ara rẹ̀ kò yá ní Ìgbayè, gbogbo ilé sì mọ̀ pé ẹnu ìyàwó ló sá fún. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló padà dé, ìyàwó ti lọ. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó gbá àgbàlá, ó kó àwo tí àwọn àlejò fi jẹun lọ fọ̀, kò sì sí ẹnu kan tó là láti sọ fún un.

Nínú àìmọ̀ yẹn ni àlàáfíà ti hù. Nígbà tí Àrínọlá bí Kíkí ní Ìkìrun, Ìyá Abdulwaheed ló gbé ẹní rẹ̀ wá, tó wẹ ọmọ fún ogójì ọjọ́, tó ń fi omi gbígbóná tẹ ìyá ọmọ níkùn títí ó fi ń ké. Nígbà tí bàbá wọn kú, tí àwọn mọ̀lẹ́bí fẹ́ kó ẹrù ìyá Àrínọlá síta kí wọ́n lè fi yàrá rẹ̀ gba ayálégbé, obìnrin náà fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Àrínọlá lọ́wọ́, ó ní ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó kọ́kọ́ gba orí òkú òun kọjá. Láti ọjọ́ yẹn ni Àrínọlá kò ti pè é ní ìyàwó bàbá mọ́. "Ìyá mi tó ń yan gààrí ní Inísà" ló ń pè é fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé òun ló bí i lọ́mọ, Àrínọlá kì í sì í tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ni Àrínọlá ní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Ìkìrun, níbi tí ariwo àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tó ń pe èrò Òṣogbo kì í ti í rọlẹ̀. Ibẹ̀ ló wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan tí fóònù rẹ̀ dún. Ohùn obìnrin ni, ó tutù bí omi àmù. Ó ní òun ni Dókítà Fọláfúnmi, òun ló ń bójú tó ètò àwọn ará ìlú ní mùsíọ́mù, ìyẹn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ti yunifásítì aládàáni tí wọ́n kọ́ sáàárín oko lọ́nà Òkukù. Ó bi í bóyá ó rántí òun. Akẹ́kọ̀ọ́ ni òun nígbà náà, òun àti ẹlẹgbẹ́ òun méjì ló gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá sí Inísà ní ìrọ̀lẹ́ rárà.

Àrínọlá rántí wọn dáadáa. Àwọn ọmọge mẹ́ta tó wọ ṣòkòtò, tí wọ́n jókòó lórí odó tí wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan rí òun bí ẹni tí a lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fọwọ́ sí ìwé kan lórí orúnkún. Ẹni tó ń lọ ilé ọkọ lọ́la, ṣé ó máa jókòó ka ìwé kínníkínní ni?

Dókítà ṣàlàyé pé àwọn fẹ́ ṣe Ọjọ́ Ará Ìlú ní Sátidé. Ìlú mẹ́ta ni wọ́n pè, Ìkìrun, Inísà àti Òkukù. Wọn yóò ta ayò, àwọn ọmọdé yóò pàlọ́, àwọn arúgbó yóò sì wá sọ ohun tí wọ́n ń fi àwọn irinṣẹ́ àtijọ́ ṣe, nítorí àwọn kan wà nínú ilé náà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kò mọ orúkọ wọn.

"A sì fẹ́ bu ọlá fún yín," ó fi kún un. "Ẹ mú àwọn ẹbí yín dání. Iwájú la máa fi yín sí."

Àrínọlá kò béèrè irú ọlá tó jẹ́. Ó rò pé fọ́tò ni wọ́n máa gbé kọ́ ògiri. Ọjọ́ mẹ́ta tó kù, ṣe ló ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń tì sókè. Ó rán kaba tuntun fún Kíkí, ó rán bùbá fún Ìyá Abdulwaheed, ó sì gun ọ̀kadà lọ sí Inísà lọ bẹ̀ ẹ́, nítorí obìnrin náà ti fi fóònù sọ pé òun kò lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn onígírámà ni.

"Odó ni wọ́n ní wọ́n kó síbẹ̀," ni Ìyá Abdulwaheed wí, tó ń ro gààrí nínú agbada. "Ṣé odó tèmi ti ń sá fún mi ni, tí n ó fi wọ mọ́tò lọ wo ti ẹlòmíì?"

Àrínọlá rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ sínú eérú, ó ní òun kò ní dìde. Bí obìnrin náà ṣe gbà láti lọ nìyẹn. Òun tó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá fún ọ̀rọ̀ náà lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, Àrínọlá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á lọ bá a.

Ní Sátidé, èrò pọ̀. Wọ́n ta àtíbàbà síwájú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, wọ́n kọ orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan sí ibi tí àwọn ará rẹ̀ yóò jókòó. Nínú gbọ̀ngán, wọ́n to àwọn nǹkan sórí tábìlì, wọ́n lẹ ìwé pélébé mọ́ ìkọ̀ọ̀kan. Bàbá arúgbó kan láti Òkukù dúró níwájú pátákó kékeré kan tí wọ́n kọ "ohun èlò ìjọsìn" sí lára, ó ń fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Ó ní ẹ̀bìtì eku ni, òun ṣì ní méjì nílé, ta ló sì ń foríbalẹ̀ fún ẹ̀bìtì. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yára ya ìwé náà kúrò, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá. Ìyá Abdulwaheed rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó sọ fún Àrínọlá ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ibẹ̀ dára ju bí òun ti rò lọ, pé ó yẹ kí àwọn obìnrin tó ń yan gààrí pẹ̀lú òun wá. Mẹ́rin péré nínú àwọn obìnrin agboolé Jagun ló wá, wọ́n jókòó lẹ́yìn wọn.

Àga iwájú ni wọ́n fún wọn lóòótọ́. Kíkí gun orí ẹsẹ̀ Ìyá Abdulwaheed, ó ń fi ìka ka ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Dókítà Fọláfúnmi gba ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ojú rẹ̀ mọ́, aṣọ funfun rẹ̀ kò ní àbàwọ́n. Ó kí àwọn ọba àti ìjòyè, ó kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ó wá sọ pé ohùn kan tí àwọn ti tọ́jú fún ọdún mẹ́sàn-án nìyí, pé láti òní lọ ni yóò máa wà nínú gbọ̀ngán náà, kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ì báà jẹ́ òyìnbó, lè tẹ bọ́tìnnì kó sì gbọ́ ọ. Ó ní ẹni tó ni ohùn náà jókòó láàárín wọn. Ó nawọ́ sí Àrínọlá. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ohùn ọmọge kan jáde láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ń yin bàbá rẹ̀, ó ń ka oríkì ìdílé Jagun láti orí dé ìdí. Àwọn arúgbó ń mi orí. Ìyá Abdulwaheed yí ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbá Àrínọlá nítan.

"Ìwọ nìyẹn? O mà lóhùn o."

Àrínọlá náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ó rántí ohun tó tẹ̀ lé oríkì yẹn. Ó dìde, ó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó jókòó ti ẹ̀rọ, ó ń fi ọwọ́ júwe pé kó pa á. Ọmọkùnrin náà rò pé ijó ló fẹ́ jáde wá jó. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì yí ohùn náà sókè.

*Ẹ bá mi wí fún aya bàbá mi,*
*kó má fi omijé àlejò sunkún mi.*
*Ọjọ́ tí yèyé mi ń bá ikú wọ̀jà ní yàrá,*
*ta la rán pé kó lọ wá ọkọ̀?*
*Ẹni a rán sọ́nà, ọjà ló yà sí.*
*Ó nawọ́ sí ata, ó nawọ́ sí iyọ̀,*
*ó ní kí ikú ó jókòó dè é.*
*Nígbà tó padà dé, iyọ̀ ń dán láṣọ rẹ̀,*
*yèyé mi ti di ẹni à ń bá pa ojú dé.*
*Ikú orogún kì í dun orogún,*
*ẹ bá mi wí fún un, mo mọ̀.*

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́ gidigidi. Ọ̀kan nínú wọn súfèé. Àwọn ará Òkukù àti Ìkìrun ń yí ọrùn, wọ́n ń wá ojú Àrínọlá. Àwọn obìnrin agboolé Jagun nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ìyá Abdulwaheed wo ẹ̀yìn, ó rí wọn bí wọ́n ti ń wo ilẹ̀. Ó wá gbé Kíkí kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń sọ ọpọ́n epo kalẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì gba àárín àga jáde. Kò sáré. Àrínọlá ló sáré tẹ̀ lé e. Ó bá a ní géètì, ọlọ́kadà kan ti ń yí ọ̀kadà padà fún un.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró."

Obìnrin náà kò wo ojú rẹ̀. "Gbogbo ilé ló mọ̀?"

Ilẹ̀ ni Àrínọlá náà wò.

"Títí kan àwọn tí a jọ ń bó gbágùúdá? Wọ́n á gbọ́, wọ́n á sì máa kí mi láàárọ̀?" Ó gun ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó tẹ ìró rẹ̀ sábẹ́ itan. "Ọwọ́ yìí ló wẹ ọmọ rẹ, Àrínọlá. O jókòó, ò ń wò mí, o rò pé ọwọ́ yìí ló pa ìyá rẹ, o sì gbé ọmọ lé e."

Ọ̀kadà gbé e lọ. Eruku bo Àrínọlá lójú, kò sì nù ún.

Ìtìjú ló kọ́kọ́ mú un, lẹ́yìn náà ni ìbínú. Ó wá bí omi tó ń hó tó ṣí ọmọrí ara rẹ̀ dànù. Nígbà tó fi padà dé gbọ̀ngán, Dókítà Fọláfúnmi ti ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀, ó gbé ìwé ẹ̀yẹ kan tí wọ́n ti fi gíláàsì bò dání, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àrínọlá gba ìwé ẹ̀yẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀bìtì eku. Ó ní kí wọ́n yọ ohùn òun kúrò nínú ẹ̀rọ yẹn, nísinsìnyí. Dókítà mú un wọ ọ́fíìsì kan, ó fún un ní omi, ó ní kó fara balẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ohun tó bá ti wọ ìwé àkójọ ti gba nọ́ńbà, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó lè yọ ọ́, àfi kí ìgbìmọ̀ jókòó, ìgbìmọ̀ náà yóò sì jókòó ní oṣù kẹta sí ìsinsìnyí. Ó ṣí fáìlì kan, ó fa ìwé kan yọ. Orúkọ Àrínọlá wà níbẹ̀, ó wọ́ bíi kòkòrò tó ń gun ògiri.

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fọwọ́ sí i, mà."

"Mo fọwọ́ sí i pé kí ẹ gbà á sílẹ̀. Mi ò fọwọ́ sí i pé kí ẹ tún un sọ."

"Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ gbà á sílẹ̀ fún, tí a ò bá ní jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ọ?"

Àrínọlá wò ó. Ó ti ń pe obìnrin náà ní ẹ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí ìwé tó kà. Ọ̀wọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí eyín tó ti ń mì tẹ́lẹ̀.

"Ọmọ ibo ni ẹ́?"

Dókítà ní ọmọ Ìkìrun ni òun, Èkó ni wọ́n ti tọ́ òun dàgbà.

"Ní Ìkìrun yẹn, kò sí ẹni tó sọ fún ẹ pé wọn kì í ru rárà ìyàwó kọjá ẹnu ọ̀nà?"

"Kò sí ẹni tó sọ fún mi." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Òótọ́ ni, mi ò gbọ́ ọ rí."

"O ò bi ẹnikẹ́ni. Ẹ pe àgbàlagbà láti Òkukù kó wá sọ orúkọ ẹ̀bìtì fún yín. Ẹ̀bìtì! Èyí tó lè já ilé èèyàn mọ́ ọn lórí, ẹ ò bi arúgbó kankan léèrè ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ẹ ṣáà gbọ́ pé ó dùn létí."

Dókítà jókòó. Àrínọlá sọ fún un pé aago méjọ òwúrọ̀ ọ̀la, òun yóò máa dúró dè é ní ẹnu ọ̀nà agboolé Jagun. Dókítà rántí pé Ọjọ́ Àìkú ni, pé òun ní ìsìn, òun ló ń ka bíbélì kìíní.

"Ọlọ́run á dúró dè ọ́," ni Àrínọlá wí. "Òun kì í tètè bínú bíi tèmi."

Ó mú Kíkí, ó lọ. Lálẹ́, ọkọ rẹ̀, Àkànjí, ní kó jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ara àgbà tutù díẹ̀. Àrínọlá pe fóònù Ìyá Abdulwaheed nígbà mẹ́tàdínlógún, ó sì gbọ́ bó ti ń dún títí tó fi dákẹ́ ní gbogbo ìgbà mẹ́tàdínlógún náà.

Dókítà wá lóòótọ́. Ó gbé páálí ohun mímu kan dání. Abẹ́ àtíbàbà gààrí ni wọ́n ti bá Ìyá Abdulwaheed, iná ń jó lábẹ́ agbada, bí ẹni pé ọjọ́ Àìkú kò yàtọ̀ sí ọjọ́ mìíràn. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó máa ń bá a ṣiṣẹ́ ti kó ara wọn sí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n ń yọjú. Dókítà kúnlẹ̀ tòun ti aṣọ ìsìn rẹ̀.

Obìnrin náà ń ro gààrí lọ. "Dìde, eérú á ba aṣọ rẹ jẹ́. Kí lo wá tọrọ?"

Dókítà tọrọ àforíjì. Ó rojọ́ púpọ̀, ó sì sọ pé òun kò ní dúró de ìgbìmọ̀ mọ́, bó bá fẹ́ ba iṣẹ́ òun jẹ́ kó bà á jẹ́, òun yóò yọ ohùn náà kúrò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àrínọlá, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, mí kanlẹ̀. Ohun tó wá gbà nìyẹn.

"O máa yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀rọ," ni Ìyá Abdulwaheed wí. "O ṣeun. Ṣé o máa wá yọ ọ́ létí àwọn ará Òkukù náà? Bàbá ẹlẹ́bìtì yẹn ńkọ́? Ó máa délé, ó máa sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun rí apànìyàn kan lónìí, ó wọ bùbá tuntun."

Dókítà fẹ́ sọ̀rọ̀, obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè.

"Má yọ ọ́." Ó fa igi kúrò nídìí iná, ó bu omi fọ ọwọ́. "Níbo ni ẹ̀rọ rẹ wà? Tèmi náà wà níkùn mi. Wàá gbà á sílẹ̀, wàá fún un ní nọ́ńbà, ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì ti ìyàwó gbọ́dọ̀ gbọ́ tèmi tẹ̀ lé e."

Ìyá àgbà ilé náà, Ọmọ́dára, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ti ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ láti ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó ní òun kò gbọ́ ọ rí láyé òun pé wọ́n ń fèsì rárà ìyàwó, pé èèwọ̀ ni.

"Ìyá, ẹ ò gbọ́ ọ rí náà pé wọ́n ń fi í sínú ẹ̀rọ fún àwọn ọmọ kéékèèké láti súfèé sí," ni Ìyá Abdulwaheed wí. "Èèwọ̀ ti já lánàá. N ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n so ó, n ò sì sí lára àwọn tó já a." Ó wá kọjú sí Àrínọlá. "Ìwọ. Jókòó sílẹ̀. Ọjọ́ tí o sọ tìẹ, ẹnikẹ́ni ò dá ọ lẹ́nu. Bí mo bá ń sọ tèmi, o ò ní sọ ohunkóhun. Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, o lè dìde máa lọ Ìkìrun, má sì padà wá."

Àrínọlá jókòó sílẹ̀ nínú eérú. Ìbínú ṣì wà nínú rẹ̀, kò kàn mọ ẹni tó kọjú sí mọ́. Dókítà Fọláfúnmi fa fóònù rẹ̀ yọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó nà án síwájú obìnrin náà.

Ìyá Abdulwaheed kò sun ún bí rárà. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́.

"Èmi Sàlámátù, ìyàwó kejì nílé yìí, ni mò ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ ọjà ni. Bàbá wọn wà lóko. Ìyá ọmọ yìí ń mí bí ẹni ń fa omi nínú kànga jíjìn. Àwọn arúgbó ilé ní kí n lọ wá ọkọ̀, mo sì sáré. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà, inú ọjà ló wà, iyọ̀ ló kún inú rẹ̀. Awakọ̀ ní kò síbi tí òun máa gbé aláìsàn sí, àfi kí wọ́n já ẹrù. Àwọn alágbàrù ti lọ jẹun. Mo rù ú. Àpò mẹ́jọ ni. Ìkẹta tú sí mi lára. Iyọ̀ tí wọ́n rí láṣọ mi nìyẹn."

Àwọn obìnrin inú ọ̀ọ̀dẹ̀ ti jáde síta pátápátá.

"N ò ní purọ́ sínú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn àpò karùn-ún, mo jókòó. Mo mu omi. Mo rántí ohun tí ìyá rẹ̀ sọ sí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, tó wà lórí àìsàn tó ṣì ń bú mi, pé ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, ọlọ́mọ kan ò sì yàtọ̀ sí àgàn. Mo sọ nínú ara mi pé kó dúró díẹ̀. Mo jókòó ju bó ti yẹ lọ. Èmi nìkan ni mo mọ bó ti pẹ́ tó. Ìyẹn wà lọ́rùn mi, mo máa gbé e dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run."

Àrínọlá gbé orí sókè. Obìnrin náà ti jẹ́wọ́ nìyẹn, lẹ́nu ara rẹ̀. Ohun tí òun sọ ní rárà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ara rẹ̀ fẹ́ dìde láti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ti kọ ojú sí i tààrà.

"Kí n tó kúrò nílé, mo rí ọmọ kan lábẹ́ igi ọsàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Mo ní kó sáré lọ ilé Fáwọlé lẹ́yìn ọ̀hún, alùpùpù wà níbẹ̀, kó ní kí wọ́n wá gbé ìyá rẹ̀, bóyá wọ́n á yá ju èmi lọ. Ó ní, 'Mò ń bọ̀, mà.' Ìwé ìtàn kan ló ń kà. Nígbà tí mo mú ọkọ̀ dé, abẹ́ igi ọsàn náà ló ṣì wà. Ó fi ìka sáàárín ìwé kó má baà sọ ibi tó kà á dé nù. Ìyá rẹ̀ ti kú ní yàrá, kò mọ̀."

Ọmọ́dára sọ̀rọ̀ kan lábẹ́ ohùn, bí ẹni ń tọrọ àánú.

"Bàbá rẹ̀ bi mí pé ṣé kò sí ẹlòmíì nílé tí a lè rán. Mo ní kò sí. Wọ́n ní èmi ni mo pẹ́ lọ́jà, mo ní èmi ni. Ọmọdé ni, mo ní kò yẹ kó fi ọ̀rọ̀ yẹn dàgbà. N ò sọ fún bàbá rẹ̀ títí ó fi kú. N ò sọ fún un, títí òun náà fi lọ fi mí sun rárà níwájú gbogbo ayé."

Àrínọlá fẹ́ pariwo pé irọ́ ni. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, òun yóò dìde, òun yóò lọ Ìkìrun, wọn yóò sì máa bínú síra wọn títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi kú. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀, ìka ọwọ́ ọ̀tún, rántí. Ó rántí bébà náà, bó ti wú nítorí òjò tó pa á rí, àti òórùn ọsàn. Ó rántí pé ó ku ojú ewé méjì. Ó ti gbé ìrántí náà sílẹ̀ ní ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn sí ibi tí kò ní tún gbà kọjá mọ́, ó wá gbé gbogbo rẹ̀ ru ẹlòmíì, ó sì fi ohùn dídùn bò ó.

Omi ń bọ́ lójú Dókítà Fọláfúnmi. Ó wo Àrínọlá, àánú ṣe é, ó rọra gbé ìka sókè láti pa ẹ̀rọ náà.

Àrínọlá na ọwọ́ láti ilẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò sọ ohunkóhun. Ó dì í mú le dan-in dan-in, títí Dókítà fi sọ ìka rẹ̀ kalẹ̀, tí fóònù náà sì dúró síbi tó wà.

"O ṣeun," ni Ìyá Abdulwaheed wí. "Mi ò tíì ṣe tán."